Ẹ Bi Wá: Ta Ló Jókòó sí Ìdí Sítíárìn?

Láti ìgbà tí fídíò takisí tí kò ní dẹ́rẹ́bà ti ń kiri orí fóònù, lẹ́tà lórí ọ̀rọ̀ náà kò yéé wọlé. A ṣa mẹ́jọ nínú wọn. A gé àwọn tó gùn kúrú, ṣùgbọ́n a kò yí ohun tí wọ́n bèèrè padà. Ohun kan la fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn bí ẹ ti ń kà á: ìbéèrè pé “ṣé ọkọ̀ yìí lè wa ara rẹ̀?” kò tó. Ibo ló ti lè wa ara rẹ̀? Nígbà wo? Ta ló máa dá a lóhùn bí ọ̀rọ̀ bá dojú rú? Ẹni tó bá ń tà á fún yín tí kò lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ má gbà á gbọ́.

Ìbéèrè: Mo rí takisí kan nínú fídíò ní San Francisco, èrò jókòó sẹ́yìn, kò sí ẹnì kankan níwájú, sítíárìn ń yí fúnra rẹ̀. Àbúrò mi ní irọ́ ni, pé ẹnì kan wà ní ọ́fíìsì tó ń fi rìmóòtù wà á bí ọmọdé ṣe ń ta géèmù. Èwo ni kí n gbà gbọ́? — Ìyá Aláṣọ, Ìkòròdù

Èsì: Òótọ́ lẹ rí, mà. Waymo lorúkọ ilé-iṣẹ́ náà. Abẹ́ Alphabet tó ni Google ló wà. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2020 ló ti ń gbé gbogbo èèyàn tó bá pè é ní Phoenix láìsí dẹ́rẹ́bà. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní San Francisco ní oṣù kẹfà 2024, ní Los Angeles ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, ó sì dé Austin àti Atlanta ní 2025. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin 2025, ìrìn-àjò 250,000 ló ń ṣe lọ́sẹ̀ kan, èrò sì ń sanwó.

Ojú mẹ́ta ló fi ń ríran. Jaguar funfun tí ẹ rí yẹn ní kámẹ́rà 29, lidar 5 àti rédà 6 lára. Kámẹ́rà ló ń mọ àwọ̀: iná pupa, iná ewéko, iná bíréèkì ọkọ̀ iwájú, àmì ẹ̀bá títì. Àmọ́ bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá kọjú sí i, á pa á lójú bó ṣe ń pa wá. Lidar, ìyẹn ohun dúdú rìbìtì tó ń yí lórí òrùlé ọkọ̀, máa ń ta ìmọ́lẹ̀ tí ojú èèyàn kò lè rí, á sì ka iye àkókò tí ìmọ́lẹ̀ náà fi lọ tó fi bọ̀. Bí nǹkan bá wà ní 30 mítà, ìdá méjì nínú mílíọ̀nù mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá ni ìmọ́lẹ̀ fi ń lọ tó fi ń padà. Ibi tó ti ń mọ bí nǹkan ṣe jìnnà sí i nìyẹn, lọ́sàn-án àti lóru, torí ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀ ló fi ń wòran. Òjò ńlá àti kùrukùru ló ń dà á láàmú. Rédà, tó ń fi ìgbì rédíò wòran, kò ka òjò sí ní tirẹ̀, ó sì ń mọ eré tí nǹkan ń sá lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ kò mọ́. Ó mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀, kò lè sọ dáadáa bóyá ọ̀kadà ni tàbí kẹ̀kẹ́. Ibi tí ọ̀kan bá ti fọ́jú, àwọn yòókù á bá a wò ó. Tesla gba ọ̀nà mìíràn: ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ rédà kúrò ní 2021, kámẹ́rà nìkan ló gbẹ́kẹ̀ lé. Ó dín owó kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n lójú tiwa, ẹni tó bá fẹ́ yọ èèyàn kúrò nídìí sítíárìn pátápátá kò gbọdọ̀ fi irú ojú kan ṣoṣo ṣe é.

Kí ọkọ̀ Waymo tó gbé èrò ní àdúgbò kan, èèyàn á ti kọ́kọ́ wà á yí òpópónà ibẹ̀ ká títí á fi ya máàpù tirẹ̀: ibi tí ìlà wà, bí etí títì ṣe ga tó, ibi tí iná títì so sí. Bó bá ń rìn, á máa fi ohun tí lidar rí wé máàpù yẹn láti mọ ibi tó wà. Sátẹ́láìtì nìkan lè ṣì í ní mítà mélòó kan, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà ọkọ̀ kan ní Amẹ́ríkà kò ju mítà 3.6 lọ. Àṣìṣe bẹ́ẹ̀ tó láti gbé e pàdé ẹni tó ń bọ̀.

Ní ti rìmóòtù, àbúrò yín kò jayò pa. Àwọn èèyàn wà ní ọ́fíìsì lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í di sítíárìn mú, torí bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá fa ọwọ́ sẹ́yìn fún ìṣẹ́jú-àáyá kan péré, ọkọ̀ tó ń sá 50 kìlómítà ní wákàtí kan á ti rin mítà 14. Ọkọ̀ ló ń béèrè lọ́wọ́ wọn: “Wọ́n dí ọ̀nà yìí, ṣé kí n gba òsì?” Wọ́n á dáhùn, ọkọ̀ á sì wa ara rẹ̀ kọjá. Ibi tí èyí ti lè kùnà ni wọ́n rí ní San Francisco ní ogúnjọ́ oṣù kejìlá 2025. Iná ìjọba lọ ní apá púpọ̀ nínú ìlú, iná títì kú. Wọ́n ti kọ́ ọkọ̀ náà pé bí iná oríta bá kú, kó dúró, kó wò, kó tó kọjá. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn tún ń béèrè ìdánilójú láti ọ́fíìsì, ìbéèrè sì pọ̀ ju ẹni tó máa dáhùn lọ. Wọ́n dúró sójú títì, ọkọ̀ ẹlòmíràn tò sẹ́yìn wọn, ilé-iṣẹ́ sì dá iṣẹ́ dúró lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ìbéèrè: Ta ló kọ́kọ́ ṣe é? Olùkọ́ wa ní Google ni. Kí ló sì dé tó fi pẹ́ tó báyìí? — Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, Ilé-Ifẹ̀

Èsì: Àbúrò wa, Google bá a lọ́nà ni. Kí ọdún 1990 tó dé, Ernst Dickmanns àti àwọn èèyàn rẹ̀ ní yunifásítì àwọn ológun ní Munich, ní Jámánì, ti mú kí ọkọ̀ Mercedes fi kámẹ́rà wa ara rẹ̀. Ní 1995, ọkọ̀ wọn rìn láti Munich dé Denmark, ó sì padà, ó lé ní 1,600 kìlómítà, èèyàn jókòó tì í láti gbà á bó bá ṣìnà. Lọ́dún yẹn kan náà, Navlab 5 ti yunifásítì Carnegie Mellon rìn láti Pittsburgh dé San Diego. Kọ̀ǹpútà di sítíárìn mú fún ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀nà náà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ èèyàn ló wà lórí bíréèkì àti tọ́tù.

Ìdíje DARPA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ti iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, ló gbé e dé ibi tó dé. Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta 2004, ọkọ̀ 15 gbéra ní aṣálẹ̀ Mojave láti rin ọ̀nà tó lé ní 220 kìlómítà, ẹ̀bùn mílíọ̀nù kan dọ́là. Kò sí èyí tó dé. Sandstorm ti Carnegie Mellon tó rìn jù kò tó kìlómítà 12: ó gun ebè níbi kọ́nà kan, ikùn rẹ̀ jókòó lé e, táyà ń yí lásán títí ó fi ń rú èéfín. Ní ìdíje kejì tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹwàá 2005, ọkọ̀ márùn-ún parí ọ̀nà. Stanley ti Stanford, tí Sebastian Thrun ṣáájú rẹ̀, ló gbẹ̀bùn mílíọ̀nù méjì dọ́là: 212 kìlómítà ní wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 53. Wo ọgbọ́n tí wọ́n dá. Lásà Stanley kò ríran jìnnà, kámẹ́rà rẹ̀ ń rí ọ̀kánkán ṣùgbọ́n kò mọ èwo ni ọ̀nà. Lásà á fi ilẹ̀ tó tẹ́jú nítòsí han kámẹ́rà, kámẹ́rà á kọ́ àwọ̀ ilẹ̀ yẹn, á wá àwọ̀ kan náà síwájú, ọkọ̀ á sì lè sáré sí i.

Ní 2007, wọ́n gbé ìdíje wá sí àárín ilé ní Victorville, Boss ti Carnegie Mellon ló borí. Ní 2009 ni Google wá bẹ̀rẹ̀, Thrun ló sì fi ṣe olórí. Orúkọ Waymo jáde ní oṣù kejìlá 2016. Ohun tó jẹ́ kó pẹ́ ni pé aṣálẹ̀ kò ní ẹni tó ń sọdá títì. Gbígba ojú ọ̀nà lọ gbọọrọ ni ẹ̀rọ kọ́kọ́ mọ̀. Mímọ ohun tí ẹni tó dúró létí títì fẹ́ ṣe ló ń gba ọdún lé ọdún.

Ìbéèrè: Ẹ má fi dídùn rẹ̀ nìkan hàn wá. Ṣé kò tíì pa èèyàn? — Bàbá Ìbejì, Òṣogbo

Èsì: Ó ti pa á, sà. Ní alẹ́ ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹta 2018, ní Tempe ní Arizona, Volvo tí Uber fi ń ṣe ìdánwò gbá obìnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sọdá títì. Obìnrin náà kú. NTSB, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń wádìí ìjàǹbá, tú gbogbo rẹ̀ wò. Ìṣẹ́jú-àáyá 5.6 kí ọkọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹ̀rọ ti rí i. Ọkọ̀ ń sá bíi 70 kìlómítà ní wákàtí kan, èyí túmọ̀ sí pé bíi mítà 110 ló wà láàárín wọn. Bíréèkì gidi lórí ọ̀dà gbígbẹ kò fẹ́ ju 40 lọ. Kí ló dé tí kò dúró? Ẹ̀rọ náà ń pe obìnrin yìí ní ọkọ̀, ó pè é ní nǹkan tí kò mọ̀, ó pè é ní kẹ̀kẹ́. Gbogbo ìgbà tó bá yí orúkọ rẹ̀ padà, á gbàgbé ibi tó ti ń bọ̀, nítorí náà kò lè mọ ibi tó ń lọ. Àwọn tó kọ ètò rẹ̀ kò kọ́ ọ pé ẹlẹ́sẹ̀ lè sọdá níbi tí kò sí ìlà funfun. Wọ́n ti pa bíréèkì àìròtẹ́lẹ̀ tí Volvo fúnra rẹ̀ ní, èyí tí ọkọ̀ máa ń tẹ fúnra rẹ̀ bí ewu bá dé. Ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ láti máa ṣọ́ ọ sì ń wo fóònù. Kò sí ẹyọ kan nínú ohun mẹ́rin yìí tí kì í ṣe ọwọ́ èèyàn.

Èyí tó tẹ̀ lé e kò pa ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kún. Ní oṣù kejìlá 2023 ní Phoenix, ọkọ̀ kan ń wọ́ píkọ́ọ̀pù lọ. Ìdí píkọ́ọ̀pù ló wà níwájú, ó sì wọ́ ní ìdábùú, ara rẹ̀ kan wà lójú ọ̀nà tirẹ̀, ìyókù wà lójú ọ̀nà ẹlòmíràn. Waymo kan rí i kedere. Ṣùgbọ́n ó wo ibi tí imú píkọ́ọ̀pù kọjú sí, ó sì ṣírò pé ibẹ̀ ló máa lọ. Ó lọ fara gbá a. Ẹni tó ń wọ́ ọ kò dúró. Ìṣẹ́jú mélòó kan sí i, Waymo kejì dé, ó ṣe àṣìṣe kan náà gẹ́lẹ́ sí píkọ́ọ̀pù kan náà. Dẹ́rẹ́bà méjì kò lè ṣe àṣìṣe kan náà báyẹn, torí orí wọn kì í ṣe ọ̀kan. Ọkọ̀ wọ̀nyí, orí kan ni gbogbo wọn ń lò. Bí wọ́n bá tún un ṣe fún ọ̀kan, gbogbo wọn ti gbọ́n; bó bá kù síbì kan lára ọ̀kan, ó kù síbẹ̀ lára gbogbo wọn.

Ẹ̀kẹta ni ti Cruise, ilé-iṣẹ́ tó wà lábẹ́ General Motors. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá 2023 ní San Francisco, ọkọ̀ tí èèyàn ń wà gbá obìnrin kan, ó sì jù ú síwájú ọkọ̀ Cruise. Cruise tẹ bíréèkì, ó dúró lórí rẹ̀, lẹ́yìn náà ló bá tún gbéra láti lọ páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó sì wọ́ obìnrin náà ní bíi mítà mẹ́fà. Kò mọ̀ pé èèyàn wà lábẹ́ òun. Ìjọba California gba ìwé àṣẹ rẹ̀ kí oṣù yẹn tó parí, nígbà tó sì di oṣù kejìlá 2024, General Motors dáwọ́ owó takisí náà dúró pátápátá.

Ìbéèrè: Mo ra Corolla 2020 tòkunbọ̀. Ẹni tó tà á fún mi ní ó lè wa ara rẹ̀. Lẹ́yìn tí òkúta fọ́ gíláàsì iwájú tí a pààrọ̀ rẹ̀, sítíárìn ń fà mí sí ọ̀tún, ó sì ti tẹ bíréèkì lójijì lẹ́ẹ̀mejì níbi tí kò sí nǹkan kan. Réwáyà ní kò sí wáyà tó já. — Tíṣà, Abẹ́òkúta

Èsì: Tíṣà, ohun tí a máa kọ́kọ́ sọ ni pé kí ẹ pa á. Ẹ pa ohun tó ń bá yín di ìlà mú, kí ẹ sì wọ inú ètò tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù láti pa bíréèkì àìròtẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá pa ọkọ̀ tí ẹ tún ṣíná sí i, bíréèkì yẹn á tún tan ara rẹ̀, ẹ máa rántí pa á títí wọn yóò fi tún un ṣe.

Ẹni tó tà á fún yín sọ àsọdùn. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀ tí à ń pè ní SAE pín ọ̀rọ̀ yìí sí ipele láti 0 dé 5. Ipele 2 ni Corolla yín: ó ń ran dẹ́rẹ́bà lọ́wọ́, dẹ́rẹ́bà kò sì gbọdọ̀ gbójú kúrò. Ní ipele 3, ọkọ̀ ń wa ara rẹ̀ níbi tí wọ́n gbà á láyè, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ lè gbà á bó bá pè yín. Mercedes bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní Jámánì ní 2022, kò sì kọ́kọ́ lè ju 60 kìlómítà ní wákàtí kan lọ. Waymo ni ipele 4: kò nílò dẹ́rẹ́bà rárá níbi tí wọ́n gbà á láyè. Ipele 5, èyí tó lè lọ síbi gbogbo nígbà gbogbo, kò sí níbì kankan láyé.

Ibi tí àìsàn ọkọ̀ yín wà nìyí. Kámẹ́rà rẹ̀ lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú lẹ́yìn dígí àárín. Rédà rẹ̀ wà níwájú, lẹ́yìn báàjì Toyota. Ojú kámẹ́rà ni wọ́n tò ní fákítírì kó tó jáde. Bí wọ́n bá pààrọ̀ gíláàsì tí kámẹ́rà fi yẹ̀ ní dígíríì kan ṣoṣo, nǹkan tó wà ní 50 mítà á di ohun tó fi sẹ̀ńtímítà 87 yẹ̀ kúrò níbi tó wà. Ìyẹn tó láti rò pé ọkọ̀ tó páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ wà níwájú yín gan-an, kó sì tẹ bíréèkì. Réwáyà yín kò purọ́, wáyà kankan kò já. Ojú rẹ̀ ló yà.

Ohun tó ń fẹ́ ni wọ́n ń pè ní calibration. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ jẹ́ sáìsì kan náà, kí afẹ́fẹ́ wọn pé, kí wọ́n ti ṣe aláímẹ́ǹtì, kí búùtù ṣófo, kí ilẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ. Wọ́n á gbé pátákó alámì síwájú ọkọ̀ ní ìwọ̀n tí ilé-iṣẹ́ kọ sílẹ̀, láti àárín gbùngbùn ọkọ̀. Wọ́n á ki ẹ̀rọ sí ojú ihò abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ̀rọ náà á sì kọ́ kámẹ́rà ní ibi tí iwájú wà. Ọkọ̀ mìíràn wà tí wọ́n tún gbọ́dọ̀ wà lórí títì tí ìlà rẹ̀ hàn dáadáa kó tó parí. Ẹni tó bá ní kí òun kàn nu àmì àṣìṣe kúrò nínú kọ̀ǹpútà, kò tíì ṣe nǹkan kan.

Ẹ tún wo àwọn nǹkan tí wọ́n sábà ń ṣe fún tòkunbọ̀ níbí. Bí wọ́n bá ti fi spacer gbé iwájú ọkọ̀ sókè nítorí kòtò, kámẹ́rà ń wo òkè. Bí tíńtì bá gba iwájú kámẹ́rà kọjá, ó ń wò láti inú òkùnkùn. Báàjì tí wọ́n wá rà lọ́jà, tó ń dán bí irin, lè dí rédà pa. Ike pẹlẹbẹ tí rédà lè gbà kọjá ni ojúlówó. Bí ọkọ̀ bá ní rédà tó ń ṣọ́ ẹ̀gbẹ́, inú igun méjèèjì bọ́ńpà ẹ̀yìn ló wà, fílà (lẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń dí ibi tó tẹ̀) tó nípọn níbẹ̀ á sì jẹ́ kó máa pariwo lásán tàbí kó dákẹ́ síbi tó yẹ kó pariwo. Ẹni tó fẹ́ ra irú ọkọ̀ yìí, kó ṣíná láì tíì tá a: gbogbo iná ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ tàn, kí wọ́n tó kú lẹ́yìn tó bá tá. Iná tí kò tàn rárá, wọ́n lè ti fi ọgbọ́n bò ó.

Ìbéèrè: Akẹ́rù ni mí ní Houston. Wọ́n ní tírélà tí kò ní dẹ́rẹ́bà ti ń ná Dallas. Ṣé kí n ti máa wá iṣẹ́ mìíràn? — Awakọ̀, Houston, Texas

Èsì: Aurora ni ilé-iṣẹ́ yẹn. Láti ìparí oṣù kẹrin 2025 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù oníṣòwò láàárín Dallas àti Houston láìsí ẹnì kankan nídìí sítíárìn. Láàárín oṣù kan, PACCAR tó ṣe ọkọ̀ náà ní kí wọ́n dá èèyàn padà síjòókòó iwájú láti máa wòran.

Ẹ wo òfin wákàtí tí ẹ̀yin fúnra yín ń tẹ̀ lé. Dẹ́rẹ́bà kan kò gbọdọ̀ wakọ̀ ju wákàtí 11 lọ kó tó sinmi fún wákàtí 10. Dallas sí Houston kò ju bíi wákàtí mẹ́rin lọ, èèyàn kan lè lọ kó sì padà lóòjọ́ kan. Èrè ẹ̀rọ níbẹ̀ kéré. Fort Worth sí Phoenix ló yàtọ̀: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,600 kìlómítà, dẹ́rẹ́bà kan kò lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan láìsùn, ẹ̀rọ lè ṣe é. Ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ yóò ti kọ́kọ́ tán. Èyí tó kù sọ́wọ́ èèyàn ni láti ẹnu ọ̀nà màrosẹ̀ wọ inú ìlú, fífi ẹ̀yìn wọ ibi ìjáẹrù tó há, dídè ẹrù àti yíyẹ táyà wò. Kódà nǹkan kékeré bíi àmì onígun mẹ́ta di ọ̀ràn: òfin ní kí dẹ́rẹ́bà to mẹ́ta sẹ́yìn ọkọ̀ tó bá dá dúró lójú ọ̀nà, láàárín ìṣẹ́jú 10. Ta ló máa sọ̀ kalẹ̀ tò ó? Aurora bẹ ìjọba kí wọ́n jẹ́ kó fi iná tó ń ṣẹ́jú rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì kọ́kọ́ kọ̀ fún un. Bẹ́ẹ bá lè gba iṣẹ́ tó máa ń mú yín sùn sílé, ìgbà tó dára láti wò ó nìyí.

Ìbéèrè: Takisí ni mò ń wà ní Peckham. Bí irú ọkọ̀ yìí bá dé London, tó sì gbá mi, ta ni mo máa pè lẹ́jọ́? — Dẹ́rẹ́bà, London

Èsì: Ẹ̀gbọ́n, òfin yín lórí èyí ṣe kedere ju ti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè lọ. Láti 2018 ni òfin ti wà pé ilé-iṣẹ́ adójútòfò ọkọ̀ náà ni yóò kọ́kọ́ sanwó fún yín, kó tó lọ bá ẹni tó jẹ̀bi. Òfin kejì, Automated Vehicles Act, di òfin ní ogúnjọ́ oṣù karùn-ún 2024. Ó ní ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ lè wakọ̀ bí dẹ́rẹ́bà tó já fáfá tó sì ń ṣọ́ra, pé ilé-iṣẹ́ tó gba àṣẹ rẹ̀ ni yóò dáhùn fún bó ṣe wakọ̀, kì í ṣe èrò tó wà nínú rẹ̀. Ó tún sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti polówó ọkọ̀ bí èyí tó ń wa ara rẹ̀ nígbà tí wọn kò tíì fàṣẹ sí i. A ì bá fẹ́ràn kí irú gbólóhùn yẹn wà nínú òfin tiwa ní Nàìjíríà fún àwọn tó ń ta tòkunbọ̀. Ìjọba ti ní òfin náà yóò múlẹ̀ pátápátá ní ìdajì kejì ọdún 2027. Wayve tó jẹ́ ọmọ ìlú yín àti Waymo ti kéde pé àwọn ń bọ̀ ní London.

Ìbéèrè: Ṣé ó lè rìn ní Ojúẹlẹ́gbà? — Kọ̀ńdọ́, Sùúrùlérè

Èsì: Rárá, kì í ṣe èyí tó wà lónìí. Àwọn kan ń rò pé kòtò ni ìṣòro. Lidar lè rí ọ̀pọ̀ kòtò. Ohun tó le ni èdè tí ẹ̀yin gan-an ń sọ lójú títì. Ẹ na ọwọ́ jáde lẹ́nu ilẹ̀kùn dánfó, ẹ kọ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀, ẹ ń fi í tẹ afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹni ẹ̀yìn sì mọ̀ pé ẹ fẹ́ já wọlé, kó rọra. Ẹ fọwọ́ lu ara ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan, dẹ́rẹ́bà yín dúró. Ẹ lù ú lẹ́ẹ̀mejì, ó gbéra. Fèrè kúkúrú kan jẹ́ “mo wà níbí”, èyí tó gùn jẹ́ ìbínú. Ẹ̀rọ ń rí ọwọ́ yẹn, ó tiẹ̀ lè wọn bó ṣe gùn tó. Ohun tí ọwọ́ náà ń sọ ni kò mọ̀, torí ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ ní Phoenix kò ní kọ̀ńdọ́ nínú.

Ìṣòro kejì ni pé ẹ̀rọ yìí kì í já wọlé láìsí àyè. Bí kò bá sí àlàfo tó tó, á dúró. Ní oríta tí ẹnikẹ́ni kì í fún ẹlòmíràn láyè àfi tó bá ti imú ọkọ̀ bọ̀ ọ́, ibẹ̀ ni yóò wà dalẹ́. Ìkẹta ni máàpù: ọ̀nà tí wọ́n gbẹ́ láàárọ̀, tí ọjà gba ìdajì rẹ̀ lọ́sàn-án, tí omi bò lálẹ́, máàpù rẹ̀ kò ní tọ́jọ́. Ìkẹrin ni iná. Ohun tó dá wọn dúró ní San Francisco lálẹ́ ọjọ́ kan, ojoojúmọ́ ló wà níbí.

Èyí kò ní ká ṣíwọ́. Àwọn ibi tó ní ọgbà, tí ẹni tó ń wọlé níye, ni kí a ti bẹ̀rẹ̀: inú èbúté, inú fásitì, oko ńlá tí katakata lè máa tọ ìlà tirẹ̀ láti àárọ̀. Iṣẹ́ kan sì wà tí kò sí ará Amẹ́ríkà tó lè bá wa ṣe é, tí àwọn ọmọ ẹ̀ka kọ̀ǹpútà wa lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la pẹ̀lú kámẹ́rà fóònù: kí wọ́n ya títì wa, kí wọ́n sì kọ ìtumọ̀ ọwọ́ kọ̀ńdọ́, ti ọlọ́kadà, ti agbèrò àti ti ẹlẹ́sẹ̀ sílẹ̀, àwòrán lẹ́yìn àwòrán, ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Láìsí ìyẹn, ọkọ̀ tí wọ́n bá kó wá yóò jẹ́ àlejò tí kò gbédè.

Ìbéèrè: Ọmọ mi ní Atlanta fẹ́ kí n wọ̀ ọ́ nígbà tí mo bá lọ kí i. Ẹ̀rù ń bà mí. Kí ni mo máa ṣe? — Màmá Kọ́lá, Ìjẹ̀bú-Òde

Èsì: Mà, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín bá yín wọ̀ ọ́ nígbà àkọ́kọ́. Orí áàpù Uber ló máa ti pè é, orí fóònù náà ló sì máa ti ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ rí i pé ọkọ̀ tí fóònù fi hàn lẹ fẹ́ wọ̀, torí gbogbo wọn jọra. Ẹ jókòó sẹ́yìn, ẹ de bẹ́líìtì, kí ọmọ yín tó tẹ ibi tí ọkọ̀ á ti gbéra lójú sikirínì. Ẹ má fọwọ́ kan sítíárìn bó bá ń yí. Bí ara yín kò bá lélẹ̀, bọ́tìnì wà láti bá èèyàn sọ̀rọ̀, òmíràn sì wà láti ní kó wá ibi tó dára dúró. Kò ní dúró lójú ẹsẹ̀, á kọ́kọ́ wá àyè. Bẹ́ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ kó ẹrù búùtù, kí ẹ sì ti gbogbo ilẹ̀kùn kó dún. Bí ọ̀kan bá ṣí sílẹ̀ díẹ̀, kò ní lè kúrò níbẹ̀ títí ẹnì kan á fi wá tì í.